Ìyá ọkọ mi ń sọ èdè Ògù, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ọmọ Àgbádárìgì ni ọkọ mi, Ìjẹ̀bú lèmi. Mo fẹ́ gbọ́ Ègùn kí èmi àti ìyá ọkọ mi lè jọ máa sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ẹ̀ka Yorùbá ni, àwọn mìíràn ní ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀) ni ojúlówó. Ìró kan tún wà tí ahọ́n mi kò gbà rárá.

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí ìbéèrè yín gan-an, ìyàwó wa. Kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá o. Ògù ni àwọn tó ni ín ń pe ara wọn, àwa là ń pè wọ́n ní Ègùn. Fọn, Ajá àti Éwè ni ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́. Gbè ni wọ́n ń pe èdè, òun náà ni àwọn onímọ̀ fi sọ gbogbo wọn lórúkọ níbi àpérò kan ní Kútọnu lọ́dún 1980.

Nínú àwọn ìró Ògù tí Yorùbá kò ní, v àti z kò le. Ẹ fi ìka kan ọ̀fun yín, kí ẹ pe "sss" gígùn. Ẹ má gbé ahọ́n kúrò, ẹ sáà jẹ́ kí ohùn bá a jáde títí ọ̀fun á fi máa gbọ̀n lábẹ́ ìka: z nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni f ṣe ń di v. Ẹ wá pe zan, òru, àti gbẹtọ, ènìyàn. Àwọn méjèèjì ló di Zangbẹtọ tó ń ṣọ́ ìlú lóru.

Èyí tó ń dá Yorùbá lágara ni x. Ẹ̀yìn ahọ́n ní í ṣe é, níbi tí ẹ ti ń pe k, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ẹ fi àlàfo bíńtín sílẹ̀ kí èémí máa ha kọjá, bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Ìwé àtijọ́ ń fi h kọ ọ́, ìwé Bẹ̀nẹ̀ òde òní ń fi x. Bí ẹ bá rí Hogbonu níhìn-ín, Xɔgbonu lọ́hùn-ún, Àjàṣẹ́ kan náà ni.

Ohùn ló ká mi lára jù. Atọ̀n ni ẹ̀ta, atọ́n ni àrún. Ẹni tó fẹ́ ra ẹja mẹ́ta lọ́jà Àgbádárìgì, tó gbé ohùn sókè, márùn-ún ni wọ́n máa kà fún un.

Ní ti ojúlówó, ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà lọ́dún 1889 ló pín àwọn ènìyàn yìí sí méjì. Àwọn ti Àjàṣẹ́ ń yá ọ̀rọ̀ Faransé, àwọn ti Àgbádárìgì ń yá ti Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, wọ́n sì gbọ́ra wọn yé. Ti ẹnu ìyá ọkọ yín ni kí ẹ kọ́, torí òun ni ọmọ yín máa bá nílé bàbá rẹ̀.

Ẹ fi fóònù gba ohùn màmá sílẹ̀ bí wọ́n bá ń ka ení, èjì dé ẹ̀wá. Ẹ tún bi wọ́n ní ìtumọ̀ orúkọ àwọn ọmọ ilé: Mautin, Ọlọ́run ń bẹ, Senami, Ọlọ́run ló fún mi. Kí ẹ máa pè é tẹ̀lé wọn lójú wọn, kí wọ́n lè tún un ṣe fún yín lójú ẹsẹ̀.