Owó tí oníbàárà ní kí agbáwo mú, ta ló ni ín?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta oúnjẹ ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa méje la wà níbẹ̀: ọmọ mẹ́ta ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, méjì wà nídìí iná, ọ̀kan ń fọ àwo, èmi ni ìkeje. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ kan lówó á fi lé e lọ́wọ́. Ní báyìí, tíránsífà ni gbogbo wọn ń ṣe. Oníbàárà á jẹun ₦2,600, á fi ₦3,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi, á ní kí ọmọ tó gbé oúnjẹ fún òun mú ìyókù. Owó yìí ń da orí mi rú. Àwọn ìdí iná ń kùn pé àwọn kì í rí nǹkan kan níbẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní kí n kà á mọ́ owó oṣù wọn, kí n dín ohun tí mò ń san kù, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn nìyẹn. Èwo ló tọ́?

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru iná. Ẹ má gba ìmọ̀ràn àbúrò yín yìí. Kò purọ́ o, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí olóúnjẹ san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún agbáwo tó ń gba tíìpù (owó tí oníbàárà fi ta á lọ́rẹ), iye yẹn ò sì yí padà láti ọdún 1991. Òfin yẹn náà ló sọ pé bí owó yìí àti tíìpù tí agbáwo rí ò bá tó dọ́là 7.25 ní wákàtí kan, ọ̀gá ló máa fi owó ara rẹ̀ dí i. Ìpínlẹ̀ bíi California ò tiẹ̀ gbà á láyè rárá. Owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pé, kí tíìpù dá dúró. Àwọn oníbàárà wọn náà mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ni agbáwo ń wò, ìdí nìyẹn tí ẹni tó jẹun dọ́là 100 fi sábà máa ń fi dọ́là 15 sí 20 lé e.

Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ẹni tó jẹ ọkà tán níbí, á san owó ọkà, á mu omi, á gba ọ̀nà Takie rẹ̀ lọ. Bó bá fi nǹkan sílẹ̀, a jẹ́ pé inú rẹ̀ dùn. Ṣé inú dídùn oníbàárà lẹ máa wá fi san owó oṣù ọmọ ọlọ́mọ? Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH bá gba ìsinmi, tí Under G dá páropáro, kí ni wọ́n máa jẹ?

Òfin owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000 láti ọdún 2024, yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀, torí náà kò mú yín. Àdéhùn tí ẹ bá wọn ṣe ló mú yín. Bí owó oṣù bá ń wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ fi ₦50 lé abọ́ oúnjẹ kan, kí gbogbo ẹni tó bá jẹun jọ gbé ẹrù náà.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé àwo kí n tó di ẹni tó ń bá àwọn ilé oúnjẹ tọ́jú ìwé owó wọn. Ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, àpótí onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kaṣíà, wọ́n lu ihò sí i lórí. Gbogbo tíìpù la gbọ́dọ̀ sọ síbẹ̀, wọ́n ní a máa pín in níparí oṣù. Ọwọ́ ọ̀gá ni kọ́kọ́rọ́ wà. Oṣù mẹ́rin kọjá, wọn ò ṣí i lójú wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ohun tí wọ́n sì fún mi ò tó èyí tí mo sọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ki owó bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nìyẹn. Àwa tí a ò mú abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni rí wá di ẹni tó ń wẹ̀yìn wò kó tó gba ẹ̀bùn. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó yé wa pé owó yìí kì í ṣe tiyín, kọ́bọ̀ kan ò sí níbẹ̀ fún yín. Ó kàn gba inú àkáǹtì yín kọjá ni, bí ìgbà tí wọ́n bá fi ẹrù rán yín sí ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ló sọ ọ́ di ọ̀ranyàn kí ọ̀gá kó gbogbo tíìpù fún òṣìṣẹ́ láìyọ nǹkan kan fún ara rẹ̀. Kò yẹ kí a dúró de òfin kí àwa náà tó ṣe é.

Ní ti àwọn ìdí iná, ẹjọ́ wọn tọ́. A kì í ṣàdédé ki Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ọkà yẹn ni oníbàárà wá jẹ. Ẹni tó jókòó ti iná, tó ń fi ọmọrogùn lu láfún títí kókó fi tán níbẹ̀, tí òógùn ń kán sí i lójú, oníbàárà ò rí i. Kò rí ọmọ tó ń fọ àwo náà, tí ọṣẹ ti bó ní ìka. Ẹni tó gbé abọ́ wá bá a ló rí, òun ló sì máa fún.

Síbẹ̀, oníbàárà dárúkọ ẹnì kan, a ò lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù. Ohun tí mo máa ń dá lábàá ni pé nínú ₦100, kí ẹni tí wọ́n dárúkọ mú ₦70, kí ₦30 lọ sẹ́yìn. ₦400 inú ìbéèrè yín máa jẹ́ ₦280 fún agbáwo, ₦120 fún àwọn mẹ́ta ẹ̀yìn, ₦40 ₦40. Owó tí wọn ò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni sí, kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pín in dọ́gba. Ẹ má pàṣẹ ẹ̀ o. Ẹ pè wọ́n jókòó lọ́jọ́ kan lẹ́yìn títà, kí àwọn fúnra wọn sọ iye tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí wọ́n bá ní 60 sí 40, ó dáa.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́, iye oúnjẹ, iye tó wọlé, iye tó lé, orúkọ ọmọ. Bí àléètì bá ti dún ni kí ẹ kọ ọ́, kí ọmọ náà rí i. Bí ẹ bá ti palẹ̀ mọ́ lálẹ́, ẹ fún wọn ní owó náà lọ́wọ́, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Ẹ má jẹ́ kó dọ̀la, torí ibi tí owó bá sùn sí, ibẹ̀ ni ìfura ti ń bẹ̀rẹ̀.

Oníbàárà tó fi àléètì ayédèrú jẹun sá lọ ńkọ́? Ẹ má yọ ọ́ nínú tíìpù ẹnikẹ́ni. Kódà nínú owó oṣù, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ò gbà kí ọ̀gá yọ owó ìpàdánù àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ fà á tàbí tó bá ṣàìbìkítà, tí aláṣẹ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Àwo tó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń sáré kó abọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ò sí lára ìyẹn.

Ohun kan ni kí ẹ ká àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ kò sí: kí wọ́n má fi ṣéńjì dá oníbàárà dúró. Ẹni tí ṣéńjì rẹ̀ jẹ́ ₦100, ẹ kọ́kọ́ fi ₦100 lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú “ẹ ṣé sà”. Bó bá ní kí wọ́n mú un, ó di tiwọn. “Kò sí ṣéńjì” tí wọ́n bá fi gba ₦100 yẹn, olè ni.

Ó ku owó tó ti wọlé kí ẹ tó kọ̀wé sí mi. Àwọn àléètì yẹn ṣì wà nínú fóònù yín. Ẹ pe àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á rántí ẹni tó jẹun àti ẹni tó gbé e fún un. Bó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ lè san lẹ́ẹ̀kan lọ, ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé kékeré yẹn jẹ́ ti gbèsè náà.