Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Tito Puente àti Ìlù Timbales

Òkè-Àdó, Ìbàdàn: Àwo Tito Puente pọ̀ nílé bàbá wa. Wọ́n ní onílù ni, wọ́n tún ní òun ni ọ̀gá ẹgbẹ́. Báwo lonílù ṣe di ọ̀gá àwọn tó ń fọn fèrè?

Níbi tí ìyáàlù ti ń pàṣẹ, kò yẹ kíyẹn ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. New York ni wọ́n ti bí i ní 1923, Puerto Rico làwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó ṣiṣẹ́ ológun ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tó dé, owó tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fáwọn tó ti ogun bọ̀ ló fi wọ ilé ẹ̀kọ́ orin Juilliard, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀ fún odindi ẹgbẹ́. Ohun tó jẹ́ kó jọ̀gá nìyẹn: ọwọ́ rẹ̀ ń lùlù, òun náà ló sì mọ ohun tí trumpet kẹta máa fọn.

Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń to timbales sí tẹ́lẹ̀. Puente gbé e wá síwájú, ó ń lù ú ní ìdúró. Kì í ṣe àṣehàn lásán (bó tilẹ̀ fẹ́ràn àṣehàn): onílù tó bá wà níwájú, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń rí igi ọwọ́ rẹ̀. Ní gbọ̀ngàn ijó Palladium lẹ́yìn 1950, òun àti àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ méjì mìíràn, Machito àti Tito Rodríguez, ló ń figa gbága. Àwo *Dance Mania*, 1958, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ó kú ní 2000.

Mọ́kọ́lá: Ẹgbẹ́ wa ra timbales, bí agolo ló ń dún. Tá a bá tún lu cha-cha-chá, orin ijó Cuba, ẹsẹ̀ àwọn oníjó máa ń dàrú.

Àrùn méjì nìyẹn. Ìlù méjì ni timbales: ojú wọn sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 14 àti 15, irin ni ara wọn, ìsàlẹ̀ wọn sì ṣí sílẹ̀. Kékeré ń jẹ́ macho, ìyẹn akọ. Ńlá ń jẹ́ hembra, ìyẹn abo, gẹ́lẹ́ bí omele akọ ṣe kéré sí omele abo nínú bàtá. Tí bóòtù apá kan bá le ju ti apá kejì lọ, ojú ìlù á wọ́, ohùn á sì máa gbọ̀n. Ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ fọwọ́ fún wọn dọ́gba, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi sípánà yí ọ̀kan ní ìlàjì, kẹ́ ẹ bọ́ sórí èyí tó dojú kọ ọ́. Ẹ má tò wọ́n yípo. Ẹ wá fi igi kan ojú ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan. Tí ohùn ò bá bára mu, ó ku díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi igi dírọ́ọ̀mù lù ú: igi timbales tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò lórí.

Ti ẹsẹ̀ tó ń dàrú, clave ni, ìyẹn ìró igi méjì tó ń tọ́ gbogbo orin sọ́nà. Ẹ ka 1 dé 16 láìsinmi, kẹ́ ẹ pa igi méjì pọ̀ lórí 1, 4, 7, 11 àti 13. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nìyẹn ní apá àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ní apá kejì. Orin tó yẹ kó wọlé lápá kejì, tó bá lọ wọlé lápá kìíní, gbogbo rẹ̀ dojú rú. Àwọn aláìnísùúrù á wá yí clave padà láàárín orin. Ẹ má dán an wò. Ẹ dá orin dúró, kí onígi tún bẹ̀rẹ̀ láti apá tó yẹ. Ẹni tí orin kì í tètè gùn ni kẹ́ ẹ kó igi yẹn fún.

Bódìjà: Ṣé bàtá tiwa ló wà ní Cuba?

Òun ni. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e débẹ̀; Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Mẹ́ta ni tiwọn: iyá, itótele, okónkolo. Orí itan ni wọ́n ń gbé e lé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu ojú méjèèjì. Tiwa ń wà lọ́rùn, bílálà la sì fi ń na ojú kékeré. Nínú *Top Percussion* tí Puente ṣe pẹ̀lú Mongo Santamaría, ọmọ Cuba, ẹ ó rí Obatalá lára àkọlé orin. Ẹ pè é síta, ẹ ó gbọ́ ọ.