Ṣé kí màmá mi gba Medicare aládàáni?

Ẹ ní màmá yín tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Amẹ́ríkà ti pé 65, àwọn kan sì ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n fi Medicare ìjọba, ìyẹn ètò adójútòfò ìlera Amẹ́ríkà fún àwọn tó ti pé 65, sílẹ̀ gba ti ilé iṣẹ́ aládàáni.

Ó ní àǹfààní o: owó tí wọ́n máa fi àpò ara wọn san lọ́dún ní gbèdéke, ti ìjọba kò ní, òmíràn tún ń tọ́jú eyín. Ó ju ìdajì àwọn tó ń lo Medicare lọ tó ti wà níbẹ̀.

Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà tó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ náà nìkan ni wọ́n lè lò, ilé iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ ìtọ́jú kí dókítà tó ṣe é. Ẹni tó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn l'Óṣogbo níbí, tó ń retí kóòdù ìfọwọ́sí láti ọ̀dọ̀ HMO, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera, látàárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, mọ ohun tí mò ń wí. Tí màmá yín bá sì fẹ́ padà sí ti ìjọba lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò lè tìtorí àìsàn kọ̀ láti ta Medigap fún wọn, ìyẹn ìwé àfikún tó ń bá èèyàn san lára owó tí Medicare ìjọba kò san.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà nínú ìwé náà.