Àjàní dọ̀bálẹ̀ ní Berlin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Houston ni mo wà. Ọmọ mi obìnrin pé ọmọ ọdún 19. Òye rẹ̀ kì í tètè yá, ṣùgbọ́n tó bá ti bọ́ sínú omi, ẹja ni. Wọ́n ti mú un mọ́ àwọn tí yóò wẹ̀ fún Amẹ́ríkà níbi ìdíje àgbáyé Special Olympics, eré ìdárayá àwọn tí òye wọn kì í tètè yá, ní Santiago, lórílẹ̀-èdè Chile, ní 2027. Wọ́n ní àwọn kóòṣì ni yóò kó wọn lọ, pé n kò ní sùn síbi tó bá sùn. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò tíì sùn lẹ́yìn mi rí. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ, àmọ́ kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa ní Houston, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú oríire. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ìdáhùn ìbéèrè yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tó yẹ kí ẹ gbọ́ kí ó tó wọ bàálù. Òun ni mo ṣe jókòó ti ìwé yìí lóru, tí gbogbo ilé ti sùn.

Leeds ni a ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin sáré fún Britain ní Berlin ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà náà. Gbogbo ohun tó ń bà yín lẹ́rù yìí ló bà mí lẹ́rù. Ta ni yóò rántí pé kì í jẹ ohun tí ọbẹ̀ bá ti kàn? Ta ni yóò mọ̀ pé tó bá ń fi ìka ta etí, ariwo ló pọ̀ jù fún un? Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé kan ṣoṣo, mo fún kóòṣì rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọ́. Ojú ìwé kan ni kó jẹ́ o, nítorí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ mẹ́rin kò ní ka mẹ́wàá. Oògùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á. Fọ́ọ̀mù dókítà, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ pé Down's syndrome ló ní, nítorí wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ egungun ọrùn. Ti ìwé ìrìnnà Chile, àwọn kóòṣì yín ló máa mọ̀ ọ́n.

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹ kò ní bá a sùn. Ẹ̀yin ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì ara yín, ẹ ó wá ibi tí ẹ ó wọ̀ sí, orí ìjókòó ni ẹ ó sì ti máa wò ó. Nígbà ti Berlin, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ pín àwọn ikọ̀ sí àwọn ìlú káàkiri Jámánì fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n lè mọ àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ìgbà tí mo tún fojú kan ọmọ mi ni ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, ní Olympiastadion, pápá ìṣeré ńlá Berlin, nígbà tí àwọn ikọ̀ ń wọlé. Bí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7,000 ni wọ́n tí wọ́n wá díje. Ọ̀kan láàárín wọn ni mo ń wá. Nígbà tí mo rí i, ó ń juwọ́, kì í ṣe sí èmi, sí gbogbo ayé ni. Irun rẹ̀ gún. Ẹlòmíràn ló bá a ya á. Mo sunkún, ẹ̀yin náà á sunkún, kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù pé wọn ó dójú tì í. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò bá wẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ti ìdánwò, kí wọ́n rí bí kálukú ṣe yá tó, wọ́n á wá kó àwọn tí eré wọn sún mọ́ra jọ, obìnrin sí obìnrin, ọjọ́ orí sí ọjọ́ orí. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ á gba mẹ́dàlì, ìkẹrin dé ìkẹjọ á gba rìbọ́ọ̀nù. Ẹ sọ fún un kó má ṣe rọra wẹ̀ nígbà ìdánwò o. Tó bá wá fi gbogbo agbára wẹ̀ nígbà àṣekágbá, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n lè yọ ọ́.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi nìyí.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọ mi nígbà tí obìnrin tí wọ́n ní kó máa ràn án lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ sísọ sọ fún wa pé èdè méjì ti pọ̀ jù fún un, kí a fi Yorùbá sílẹ̀. A gbà. Mo mọ̀ pé àwọn kan tó ń kà á yóò mi orí. Ọmọ tí kò tíì sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ, tí wọ́n ní èdè yín ló ń dí i lọ́wọ́, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Láti ọjọ́ náà, bí èmi àti bàbá rẹ̀ bá ń sọ Yorùbá ní kíṣìnnì, tí a gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì kíá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin náà bá a lọ síbẹ̀, torí ilé kan ò lè jẹ́ ilé méjì. Lónìí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti ń sọ pé èdè méjì kì í pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára. Ó ti lé lógún ọdún kí èmi tó gbọ́.

Ìyá mi ní Ìbàdàn nìkan ni kò gbà. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ gbọ́ tẹnikẹ́ni. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á ní kí wọ́n bá òun pè wá lórí fídíò. Á pe ọmọ náà, "Àjàní ọkọ mi o!" Ọmọ mi á sáré wá láti ibi yòówù kó wà nínú ilé, á gbé fóònù sórí àga, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, àyà nílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ní dìde títí Màmá á fi kì í tán. Kò sí ẹni tó lè pe orúkọ yẹn mọ́ ọn àfi Màmá. Àwa ò pè é. Orúkọ rẹ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì ni à ń pè.

Màmá kú ní 2021. Èmi nìkan ni mo lọ sin ín. Mo ní ìrìn-àjò le nígbà náà, mo ní èrò òkú á pọ̀ jù fún un, ariwo á pọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ mìíràn tó wà níbẹ̀ ni pé n kò fẹ́ kí àwọn ẹbí máa wò ó. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé tó gbé fóònù sórí àga, bàbá rẹ̀ sọ fún un pé fóònù Màmá ti bàjẹ́. Ó lóun gbọ́. Ó béèrè fún bí oṣù mẹ́rin, kò béèrè mọ́.

Berlin wá dé. 200 mítà ló sá, àwọn méje ni wọ́n. Ìjókòó wa kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá parí. Bó ṣe yọ láti ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀, ipò kejì ló wà, ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ò sì jìnnà. Mo ti ń pariwo tẹ́lẹ̀ bí àwọn òyìnbó tó yí mi ká ṣe ń pariwo. N kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi: "Àjàní ọkọ mi o!"

Gbogbo ẹni tó mọ̀ wá ló máa ń sọ pé ohùn èmi àti ìyá mi, ọ̀kan náà ni. Tí mo bá pe ilé, àwọn àbúrò mi á máa kí mi ní ìkíni Màmá.

Ó dúró. Ó kù díẹ̀ kó dé òpin, ó dúró bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà lẹ́yìn. Ó yíjú sí àwa èrò, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọ̀nà tirẹ̀. Àyà nílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn márùn-ún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ré e kọjá. Èrò figbe ta, wọ́n rò pé ó ṣubú ni. Àwọn elétò ìlera méjì sáré bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Èmi wà lórí ìdúró, mo fọwọ́ bo ẹnu. Ó ń dúró kí Màmá kì í tán.

Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó dìde fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ ṣíji bojú, ó ń wá ẹnì kan láàárín wa. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wá rìn dé òpin. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un ju ẹni tó gba góòlù lọ, ọkàn mi sì ń dà nù. Obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé àti funfun, tó bá ikọ̀ Nàìjíríà wá, wá bá mi níbi mo jókòó sí. Ó ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn o, kò ṣubú. Ó dọ̀bálẹ̀ ni. Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní ìyá mi ni. Ó ní, "Ẹ bá mi kí Màmá." N kò lè sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí a rí i lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé ibo ni Grandma jókòó sí. Mo ní ó ti lọ. Ìyá wa, ẹnu tèmi yìí ni mo fi sọ ọ́. Òótọ́ ni tí ẹ bá wò ó lọ́nà kan, ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa. Ó ní, "Fóònù rẹ̀ ti dára nìyẹn?"

Ohun mìíràn wà tí wọ́n bá mi rí níbẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kó fo yín. Àwọn dókítà a máa yẹ ojú, etí, eyín àti ẹsẹ̀ àwọn eléré wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní bàtà tó fi ń rìn kéré sí i ní nọ́ńbà kan gbáko. Kò sọ fún mi rí. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ ọmọ yín wò lálẹ́ òní.

Ní ti bàbá rẹ̀ tó ní kí ẹ má sọ nílé, n kò lè bú u. Àwa náà sọ fún àwọn ará ilé pé ilé ìwé ló gbé e lọ. Eunice Kennedy Shriver tó dá eré yìí sílẹ̀, ilé tiwọn náà fi ọmọ pamọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Rosemary, ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún un ní 1941, ó bà á jẹ́ pátápátá, wọ́n sì gbé e lọ síbi tí ojú ayé ò tó o. Ọdún 1962, tí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, John Kennedy, ń ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà, ni Eunice tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé. Nígbà tó di 1968 ló pe ìdíje àkọ́kọ́ ní Chicago. Ẹ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àmọ́ kí ọmọ yẹn tó lọ sí Chile, tí ẹnì kan bá ti kú tí ẹ kò sọ fún un, ẹ sọ fún un nílé, lórí àga tí ẹ jọ ń jókòó sí. Bí ẹ ó ṣe sọ ọ́, n kò lè kọ́ yín. Èmi fúnra mi ò tíì sọ ọ́.

Ọmọ mi gbà báyìí pé Berlin ni Màmá ń gbé. Lóṣù tó kọjá, ó fi rìbọ́ọ̀nù ipò keje yẹn sínú àpò ìwé, ó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn fúnra rẹ̀, ó kọ "Grandma, Berlin" sí i, ó ní kí n bá òun jù ú sí póòsì tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ó wà nínú báàgì mi. Àárọ̀ òní ló tún bi mí bóyá ó ti dé.