Kí o tó náwó sórí ohùn ọ́kẹ́sírà, gbọ́ ohun tó wà láàárín nóòtù méjì

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní RAM 8 GB ló wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ, o ń ṣe orin fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yín àti fún àwọn tó ń ṣe fíìmù, o sì ti ń kó owó jọ láti ra àkójọ ohùn ọ́kẹ́sírà ńlá kan, ìyẹn ohùn àwọn ohun èlò orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kí a lè máa fi kíìbọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé orin tí wọ́n fi polówó rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Jọ̀ọ́, dúró ná. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n já iye owó rẹ̀ sí ìdajì ni mo sáré rà á. Òru mẹ́rin ni mo fi dáńlóòdù rẹ̀, torí òru ni dátà dín owó, iná sì lọ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó parí. Nígbà tí mo wá ṣí i, ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ó dákẹ́. Kontakt kíkún, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣí irú àkójọ yìí tí a sì ń fowó rà, ni àkójọ náà ń béèrè, Kontakt Player ọ̀fẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Mo yáwó ra Kontakt. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé ohùn náà kò bá iṣẹ́ mi mu. Mo ní kí n tà á fún ọ̀rẹ́ mi kan, àdéhùn rẹ̀ kò gbà kí ẹni tó rà á gbé e fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ka àdéhùn kí o tó sanwó.

Kí ni kò bá iṣẹ́ mi mu? Ìlù ńlá, fèrè idẹ àti violin tó ń sáré ló kún inú orin ìpolówó yẹn, ariwo wọn sì bo gbogbo àléébù mọ́lẹ̀. Orin ìyìn tó ń lọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n gbé fún mi ṣe, cello (bí violin ńlá tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀) kan ṣoṣo lábẹ́ ohùn obìnrin. Mo tẹ nóòtù kan, ó dùn. Mo tẹ èkejì, ó dùn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó so méjèèjì pọ̀. Ńṣe ló dà bí ọmọ iléèwé tó ń pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò tíì lè pe ọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti yẹ àkójọ wò. Bí o bá ti gbọ́ gòjé nínú sákárà rí, o mọ bí ó ṣe máa ń fà láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn. Ìrìn láti nóòtù kan bọ́ sí òmíràn láìgé ohùn ni wọ́n ń pè ní legato; èyí tó ń fà bíi ti gòjé yẹn ni wọ́n ń pè ní portamento. Àkójọ tó dáa máa ń ní ìrìn yìí ní gbígbà sílẹ̀ lọ́tọ̀, láti nóòtù dé nóòtù. Ní tiwa, ó tún ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń ta á ṣe rò lọ. Sọ "ọ̀rẹ́ mi" síta, kí o fetí sí i: ohùn kì í fò láti "ọ̀" sórí "rẹ́", ńṣe ló máa ń yọ́ gòkè. Bí cello kò bá lè yọ́ báyẹn, orin Yorùbá tí o bá fi ṣe yóò dún bí àlejò tó ń kọ́ èdè. Nínú ọ̀pọ̀ àkójọ, ó dìgbà tí o bá rọra tẹ kíìbọ́ọ̀dù kí ó tó fà báyẹn. Nínú àwọn kan, kò sí rárá.

Ohun kan tún wà tí ìpolówó kì í sọ. Ìrìn náà ń gba àkókò. Mo fẹ́ràn àkójọ ohùn violin àti cello tó ń jẹ́ Cinematic Studio Strings gidigidi, ṣùgbọ́n ìrìn tó lọ́ra jù nínú rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Fún orin tí o ń kọ sínú kọ̀ǹpútà, kò burú, o kàn máa fa nóòtù síwájú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ jókòó ti àwọn akọrin lọ́jọ́ Ìsinmi kí o máa tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, yóò máa wà lẹ́yìn wọn ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, di nóòtù kan mú, kí o rọra ti mod wheel, àgbá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíìbọ́ọ̀dù, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó yẹ kí ohùn náà yí padà láti jẹ́jẹ́ sí líle, kì í ṣe kí ó kàn pariwo sí i. Bí o bá gbọ́ ibi tó ti dà bí cello méjì tó ń jà, ibẹ̀ ni wọ́n ti rán ohùn jẹ́jẹ́ mọ́ líle láìdán. Tún nóòtù kúkúrú kan tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ léraléra. Bó bá dún bí ìbọn, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbà sílẹ̀ fún un.

Ní ti láptọ́ọ̀pù rẹ, RAM 8 GB kò lè gbé àkójọ ńlá tí o ń wò yẹn. Àkójọ BBC Symphony Orchestra ti ilé iṣẹ́ Spitfire, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Maida Vale nílùú Lọ́ńdọ̀nù, wà ní oríṣiríṣi: èyí tó tóbi jù lé ní 500 GB, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní Discover, kò ju nǹkan bíi 200 MB lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò ní ìrìn tí mo ń sọ yẹn, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní fi tẹ orin cello kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá pọ̀ tí wọ́n jọ ń kọrin, mo ti fi ṣe orin fíìmù kan látòkè délẹ̀, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi kò béèrè ohun tí mo fi ṣe é. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ, fi ra SSD (ibi ìkópamọ́ tó yára) àti RAM ná.

Nípa èyí tí o fẹ́ rà, wá fídíò ẹni tí kò ní ohun tó ń tà, tó ń tẹ ohùn kan ṣoṣo jẹ́jẹ́ láìfi nǹkan kan bò ó. Kí o sì fi Discover kọ ìlà mẹ́rin nínú orin ìjọ yín, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi yóò fi ohun tó wà lọ́wọ́ mi tẹ ìlà kan náà, ká jọ gbọ́ méjèèjì kí owó rẹ tó jáde.