Gọ́ọ̀fù lórí ilẹ̀ olókè: ẹni tó ń lọ gbá a ní Bethpage Black

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòyí, l'Ékòó, ni mo ti kọ́ gọ́ọ̀fù, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Handikáàpù mi jẹ́ 14, ìyẹn ni pé tí mo bá gbá a dáadáa, mo máa ń fi nǹkan bí ìgbá 14 ju iye tó yẹ lọ. Mo fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní New York, ó sì ti gba àyè fún wa ní pápá Black ti Bethpage. Wọ́n ní òkè pọ̀ níbẹ̀. Tí mo bá gbá bọ́ọ̀lù lórí gegele, nígbà mìíràn á yà sí òsì, nígbà mìíràn á yà sí ọ̀tún, mi ò sì mọ ohun tó fà á. Báwo ni kí n ṣe múra?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Bọ́ọ̀lù yín kò ṣàdédé yà. Bí ilẹ̀ ṣe dà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ló ń darí rẹ̀, ẹ sì lè mọ ibi tí yóò yà sí kí ẹ tó gbé ọ̀pá sókè.

Farmingdale ní Long Island ni Bethpage wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ New York ló ni ín, ẹnikẹ́ni tó bá sanwó ló sì lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Pápá márùn-ún ló wà nínú ọgbà náà, Black, tí wọ́n ṣí ní 1936, ló sì le jù. Pátákó kan wà nítòsí ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń kìlọ̀ pé àwọn tó mọ gọ́ọ̀fù gbá dáadáa nìkan ló yẹ kó wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nínú U.S. Open ọdún 2002, Tiger Woods tó gba ife ẹ̀yẹ nìkan ló parí nísàlẹ̀ páà, ìyẹn iye ìgbá tó yẹ kí èèyàn fi parí pápá, 3 péré ló sì fi dín. Ẹni tí handikáàpù rẹ̀ jẹ́ 14 lè gbádùn ibẹ̀ o, bí kò bá gbá a láti ẹ̀yìn pátápátá, níbi tó ti lé ní yáàdì 7,400. Ẹ gbá a láti tíì funfun (tíì ni ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́), tó jẹ́ bíi yáàdì 6,700. Ìyẹn náà ṣì gùn.

Ní ti bọ́ọ̀lù tó ń yà, mo gbà pé ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń gbá a. Ọlọ́wọ́ òsì kàn ní láti yí i padà ni. Bí bọ́ọ̀lù bá ga ju ẹsẹ̀ yín lọ, òsì ni yóò yà sí, nítorí pé ojú ọ̀pá ti kọjú sí òsì látàrí bí ó ṣe jókòó sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ojú ọ̀pá bá ṣe ká sẹ́yìn tó ni yóò ṣe yà tó, nítorí náà wẹ́ẹ̀jì, ọ̀pá kúkúrú tí ojú rẹ̀ ká sẹ́yìn jù, á yà ju ọ̀pá nọ́ńbà 5 lọ. Ẹ di ọ̀pá mú nísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ nàró síi, kí ẹ sì fojú sun apá ọ̀tún. Bí bọ́ọ̀lù bá wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín, ọ̀tún ni yóò lọ: ẹ tẹ orúnkún àti ìdí síi, ẹ fojú sun òsì, ẹ má sì nàró títí bọ́ọ̀lù yóò fi kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá tètè nàró, orí bọ́ọ̀lù ni ọ̀pá rẹ̀ máa ń bà.

Bí ẹ bá dojú kọ òkè, ìwúwo ara á fà sẹ́yìn, ìbàdí ò ní yí tán, ọwọ́ á sì yí ojú ọ̀pá sí òsì. Bọ́ọ̀lù á ga, kò sì ní jìnnà. Bí ẹ bá dojú kọ ìsàlẹ̀, á fò nílẹ̀nílẹ̀, á yà sí ọ̀tún, á sì yí lọ jìnnà. Nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí èjìká yín dà bí ilẹ̀ ṣe dà. Ẹ má bá òkè jà. Kí ẹ tó gbá a, ẹ fi ọ̀pá gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù, kí ẹ wo ibi tí irin ti kọ́kọ́ ha koríko. Ibẹ̀ gan-an ni kí bọ́ọ̀lù wà láàárín ẹsẹ̀ yín.

Ní ti jíjìn, ẹsẹ̀ bàtà 3 tí gíríìnì (koríko tí wọ́n gé kúkúrú tí ihò wà) bá fi ga jù yín lọ, ẹ fi yáàdì 1 kún un. Ihò 15, ìyẹn ìpele kẹẹ̀ẹ́dógún pápá náà, ni ẹ ó ti rí i kedere: gíríìnì rẹ̀ ga ju fẹ́wéè, ọ̀nà koríko gígé tó lọ síbẹ̀, lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50. Bí yáàdì 170 bá ṣẹ́ kù, ẹ kà á sí 187. Kòtò yanrìn ló sì dúró níwájú de bọ́ọ̀lù tí kò bá dé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe wá gíríìnì náà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kejì. Ẹ gbé e sí bíi yáàdì 90 sí gíríìnì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́, kí ẹ wá fi ọ̀pá tó gùn ju èyí tí ẹ máa ń lò fún 90 lọ gbé e gòkè. Ìgbá márùn-ún níbẹ̀ kì í ṣe ìtìjú rárá. Gíríìnì Black tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ dà, ṣùgbọ́n ti 15 dà púpọ̀. Ẹ rí i pé bọ́ọ̀lù wà nísàlẹ̀ ihò.

Ihò 8 ní tirẹ̀, òkè ni ẹ ó ti máa gbá a sísàlẹ̀, omi sì wà níwájú gíríìnì. Ẹ dín ọ̀pá kù ní ẹyọ kan, ẹ má dín méjì. Bọ́ọ̀lù á pẹ́ lófuurufú, afẹ́fẹ́ á sì rí i bá ṣeré.

Tí ẹ bá bọ́ sínú koríko gíga, wẹ́ẹ̀jì ni kí ẹ fi yọ ọ́ padà sí fẹ́wéè, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ lẹ ó gbá a sí. Ọ̀pá gígùn á wé mọ́ koríko, á yí lọ́wọ́ yín.

Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn ín tán; wọn kì í gba ọkọ̀ gọ́ọ̀fù láyè lórí Black. Ìrìn náà á lé ní kìlómítà 10, ó sì lè gbà ju wákàtí márùn-ún lọ. Ọ̀pá mẹ́wàá tó yín, ẹ fi ìyókù sílé. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti ihò kìíní, kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Bí ẹ bá gun òkè dé ìdí bọ́ọ̀lù, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó mú ọ̀pá: ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kì í lè dúró jẹ́ẹ́.

Ìkòyí ò lè kọ́ yín ní èyí. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ lọ gbá a ní Smokin Hills ní Ìlárá-Mọ̀kín, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí òkè wà níbẹ̀. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù 20 níbi tí bọ́ọ̀lù ti ga ju ẹsẹ̀ lọ, 20 níbi tó ti wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, 20 ní gígòkè, 20 ní sísọ̀kalẹ̀, kí ẹ máa kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá yà sí sílẹ̀. Báàgì yín, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbé e lọ́jọ́ náà.