"Debit o": ohun tí stop() fi ojú mi rí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Bí mo ṣe gbọ́ ìbéèrè yín, library log (tó ń kọ ohun tí ètò kọ̀ǹpútà ń ṣe sílẹ̀) tí ẹ fi Java kọ ní appender (tó ń gbé ìlà log lọ síbi tó yẹ, bíi fáìlì), encoder (tó ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tó ṣeé kọ) àti filter (tó ń yan ìlà tó máa wọlé) lóríṣiríṣi, kálukú ló sì kọ start() tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti stop() tó ń dá a dúró bó ṣe wù ú. Ẹ wá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú class ìpìlẹ̀ kan, ẹ ń bèèrè ibi tó ti lè dàrú. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí níbi iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, ojú mi sì rí màbo.

Kíkọ class yẹn gan-an ò le. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló gbà mí. Mo fi flag kan (àmì true tàbí false tó ń sọ bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀) sínú rẹ̀, àti list àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ appender, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ń lò, bíi fáìlì. start() á sọ flag di true, á wá máa jí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé á máa bẹ̀rẹ̀ wọn. Stop() á sọ ọ́ di false, á máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo test yege. Kóòdù tó lé ní ìlà 400 ni mo pa rẹ́, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ọjọ́ kẹta tá a gbé e sórí server làwọn tó ń bójú tó owó sísan pè mí. Wọ́n ní gbogbo ìgbà táwọn bá ti tún service bẹ̀rẹ̀, òpin log kì í pé. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú fáìlì tí wọ́n fi hàn mí rèé:

INFO payment 88214 debit o

"Debit o"! Ẹnì kan nínú wa ní bóyá kọ̀ǹpútà ti ń fi Yorùbá kígbe. "Debit ok" ló yẹ kó jẹ́, àfìgbà tá a lọ tú database ká tó mọ̀ pé owó náà ti kúrò lóòótọ́.

Bí mo ṣe ń jí àwọn ọmọ náà ni mo ṣe ń pa wọ́n: fáìlì ló ṣíwájú, BufferedWriter tẹ̀ lé e, thread (òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ inú ètò kọ̀ǹpútà) tó ń kó ìlà láti inú queue (ibi tí ìlà ti ń dúró kí wọ́n tó kọ ọ́) ló kẹ́yìn. BufferedWriter inú Java lè kó lẹ́tà àti àmì tó 8192 jọ kó tó tì í síta, kò sì bìkítà bóyá àárín ọ̀rọ̀ ló já sí. Nígbà tó fi máa tú èyí tó kù sílẹ̀, fáìlì ti tì. Java pariwo "Stream Closed", àmọ́ èmi fúnra mi ni mo ti fi catch (apá kóòdù tó ń gba àṣìṣe) tó ṣófo gbé e mì. Tẹ́lẹ̀, appender kọ̀ọ̀kan mọ ètò tirẹ̀, bó tilẹ̀ rí jákujàku. Class mi tó mọ́ tónítóní ló bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí stop() máa rin list náà láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú.

Flag yẹn náà tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nígbà ìbẹ̀rẹ̀, òun ló yẹ kó kẹ́yìn. Nígbà ìdúró, òun ló yẹ kó ṣíwájú. Ìyá olóúnjẹ tó bá fẹ́ kógbá wọlé, ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń dí, á bu oúnjẹ fún àwọn tó ti jókòó, kó tó pa iná. Tèmi ń di true kí fáìlì tó ṣí, nítorí náà bí fáìlì bá kọ̀ tí kò ṣí, isStarted() á ṣì máa purọ́ fún yín. Ẹ wo OutputStreamAppender inú Logback, library log kan fún Java: ó kọ́kọ́ ń ka àṣìṣe, bóyá encoder ò sí, bóyá output stream (ọ̀nà tí ìlà ń gbà jáde) ò sí, àfi bí iye rẹ̀ bá jẹ́ 0 ló tó ń pe super.start(), start() ti class ìpìlẹ̀ tó ń sọ flag di true. AsyncAppender inú rẹ̀, tó ń fi thread mìíràn kó ìlà jáde, wá ń pe super.stop() ná, kí ìlà tuntun má wọlé mọ́, kó tó dúró de thread pé kó kó èyí tó kù nínú queue tán. Ìdúró yẹn kì í ṣe títí ayé o: maxFlushTime ló ń dá a, 1000 ms ni bí ẹ ò bá yí i. Bí àsìkò yẹn bá kọjá, ó kàn máa kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ìlà kan ti sọnù ni. 5000 ms la sọ tiwa dà.

Ẹ tún pinnu ẹni tó ń jí ọmọ. Configurator wa (apá tó ń ka ètò, tó sì ń to àwọn ẹ̀yà jọ) ń pe start() lórí ohunkóhun tó bá rí, òbí náà tún ń pè é, fáìlì kan ṣoṣo wá ń ṣí lẹ́ẹ̀mejì. Annotation NoAutoStart (àmì tí wọ́n ń fi sórí class) ni Logback fi yanjú tirẹ̀, kí Joran, configurator tirẹ̀, má fọwọ́ kan ọmọ tí òbí rẹ̀ fẹ́ jí fúnra rẹ̀. Ní ti ipò mẹ́fà tí Log4j 2, library log mìíràn, ní, láti INITIALIZING dé STOPPED, mi ò rò pé ẹ nílò rẹ̀ fún library kékeré.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù yín rárá, ẹ kọ test tí thread mẹ́rin á máa da ìlà sínú appender, kẹ́ ẹ pe stop() láàárín kan, lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra. Iye ìlà tí appender gbà wọlé gbọ́dọ̀ bá iye tó wà nínú fáìlì mu. Ó ṣeé ṣe kí kóòdù tó wà nílẹ̀ báyìí gan-an kùnà níbẹ̀. Bó bá kùnà, ẹ fi stop() ti appender fáìlì ránṣẹ́, ká jọ wò ó.